Ìkòkò Omi Mẹ́jọ Tí Erin Fi Sílẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ìwọ Àríkẹ́, o ò gbè é. Ṣé o ti ń tòògbé ni? Jókòó dáadáa. Àlọ́ mi já lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí, òun àti omi Erin.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá. Odò gbẹ, ewé gbẹ. Ọmọ Àgbọ̀nrín dùbúlẹ̀, kò lè gbórí sókè mọ́. Kí Erin tó kú, ó fi ìkòkò omi mẹ́jọ sílẹ̀ fún Túùkú, Àgbọ̀nrín àti Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní kí wọ́n pín in dọ́gba. Igbá omi kan ló wà nínú ìkòkò kìn-ín-ní, igbá méjì nínú ìkejì, igbá mẹ́ta nínú ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkòkò kẹjọ tó gba igbá mẹ́jọ. Ìkòkò kan ò bá èkejì dọ́gba!

Ẹ sì mọ àṣà wa: àbúrò ní í pín nǹkan, ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ mú. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kéré jù. Ó gbé ìkòkò kẹjọ àti ìkẹrin síbì kan. Ó gbé ìkeje àti ìkarùn-ún síbòmíràn. Ó kó mẹ́rin tó kù jọ: ìkẹfà, ìkẹta, ìkejì àti ìkìn-ín-ní.

Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, àgbà ló ni ìkòkò ńlá. Ẹ jẹ́ kémi máa ṣa àwọn wẹ́wẹ́ yìí."

Túùkú ní, "Ọmọ dáadáa ni ọ́!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín sínú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mú méjì méjì, òun mú mẹ́rin!

Wọ́n wá ń fi igbá wọn omi sínú ọpọ́n kálukú. Ti Túùkú, igbá méjìlá. Ti Àgbọ̀nrín, igbá méjìlá. Ti Ọ̀kẹ́rẹ́ oníkòkò mẹ́rin ńkọ́? Igbá méjìlá!

Háà! Ẹnu yà wọ́n. Ìkòkò tí kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba, ìpín wọn dọ́gba géérégé. Títí dòní, bí mo bá rò ó, orí mi a máa wú.

Àgbọ̀nrín sáré gbé omi fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní tiẹ̀ fariga.

"Irọ́ ni! Ìkòkò mẹ́rin! Ẹ tún un wọ̀n, kékeré ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú."

Wọ́n da omi rẹ̀ padà sínú ìkòkò, wọ́n fi kékeré ṣáájú, méjìlá. Wọ́n fi ńlá ṣáájú, méjìlá.

Túùkú ní, "Àbúrò, fi sílẹ̀ o. Òùngbẹ ń gbẹ ilẹ̀ náà."

Kò gbọ́. Ó já igbá gbà, ó ń bu omi láti ọpọ́n sí ìkòkò, láti ìkòkò sí ọpọ́n. Tìbínú-tìbínú ló fi ń bù ú. Omi ń ta sílẹ̀, ilẹ̀ ń mu ún. Nígbà tó fi máa gbà pé òótọ́ ni, igbá ti ń họ ìsàlẹ̀ ọpọ́n. Ọmọ Àgbọ̀nrín ti dìde, ó ń fò kiri. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà nílẹ̀, ó ń lá ẹrẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ má fi iye ìkòkò díwọ̀n ìpín yín, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó bá sì rí ìpín rẹ̀ gbà, kó yáa mu ún. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ fi ẹ̀pà dán an wò lọ́la.