Ọmọ-Ọyẹ́ àti Ojú Ìyá Àwẹ̀ró

“‘N kò rí i’ kì í pani, ‘mo ti rí i’ ló ń pani.” Ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí, àbí? Àwọn àgbà máa ń pa á, àwa náà a sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú wa? Èmi mọ̀ ọ́n, ó sì ń bà mí lẹ́rù láti sọ ọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé mo tú àṣírí ilé onílé. Àwọn ọmọ ọmọ obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè, a jọ ń kí ara wa lọ́nà oko. Nítorí náà, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó bí ìyá mi ni n ó ṣe sọ ọ́. N kò ní bù mọ́ ọn.

Ní abà Olókùúta, ní apá Òkè-Ògùn, ewéko kan wà tí a ń pè ní ọmọ-ọyẹ́. Àwọn ewéko yòókù máa ń dúró de òjò kí wọ́n tó yọ òdòdó. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ bá mú, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, tí gbogbo koríko ti gbẹ, nígbà náà ni òdòdó rẹ̀ yóò yọ láti inú iyanrìn, láìsí ewé kankan, àfi bí ìgbà tí ènìyàn na ìka kan sókè láti abẹ́ ilẹ̀. Ó funfun, etí rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ni yóò lò kó tó rọ. Iṣu abẹ́ rẹ̀, tí kò ju àlùbọ́sà kékeré lọ, ni wọ́n ń sè sínú ọbẹ̀ fún ìyá ọmọ tuntun ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí agbára rẹ̀ lè padà. Kò sí abiyamọ kan ní Olókùúta tí kò jẹ ẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ní àbúrò. Ewéko kejì yìí náà ní orúkọ, ṣùgbọ́n a kì í pè é. Àbúrò náà là ń wí. Ewé wọn bá ara wọn mu, iṣu wọn bá ara wọn mu, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń yọ òdòdó. Bí ènìyàn bá sì jẹ iṣu àbúrò, inú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta á nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ kò ní mọ́ bá a. Ẹ wú u títí, yóò tún yọ láàárín ọmọ-ọyẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀, inú òdòdó ni. Bí o bá kúnlẹ̀, tí o wo inú ẹnu rẹ̀, fọ́nrán mẹ́ta ni ti ọmọ-ọyẹ́. Ti àbúrò, mẹ́fà.

Ìyá Àwẹ̀ró ló ń gbìn ín fún gbogbo abà. Ilẹ̀ rẹ̀ wà ní ìdí àpáta, níbi tí omi kì í dúró sí, nítorí iṣu náà máa ń rà bí ìdí rẹ̀ bá tutù jù. Yóò rì wọ́n sílẹ̀ ní jíjìn ìka kan, orí sókè, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bomi rin ín. Bí òdòdó bá yọ, yóò kúnlẹ̀ láàárọ̀, yóò máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní fọ́nrán mẹ́ta, yóò ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ní mẹ́fà, yóò wú u, yóò sun ún níná. Èyí tí kò bá yọ òdòdó, kò ní fọwọ́ kàn án rárá. Nígbà tí òdòdó bá ti rọ tán, igi yẹn nìkan ló kù tó lè sọ èyí tó jẹ́ oúnjẹ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é, kò ṣì í rí. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó dá a lójú, ohun kan náà ló máa ń sọ: òun ti rí i.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, ojú Ìyá Àwẹ̀ró ti ń ṣe bàìbàì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún un níbi ìkómọ, nítorí rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin fi ń dìde fún un lórí àga. Ó rò pé òun lè máa fi ìka ka fọ́nrán náà. Ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ọdún kẹta burú. Ó la ìka rẹ̀ títí ọwọ́ fi yi bí èèpo igi. Ó kúnlẹ̀, ó ti ìka bọ ẹnu òdòdó àkọ́kọ́, kò mọ nǹkan kan lára. Ó tún un ṣe. Bóyá mẹ́ta ni. Ó tẹ́tí bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀, kò sí. Ó ri igi mọ́lẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Oyèbọ́lá bímọ. Òun ni ìyá tó bí ìyá mi. Àkọ́bí rẹ̀ ni, ìrọbí náà le, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lọ lára rẹ̀, kò lè dá dìde dúró. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ìyá ọkọ rẹ̀, Ṣúbúọlá, lọ gba iṣu lọ́dọ̀ Ìyá Àwẹ̀ró. Àtìgbà tí wọ́n ti jọ ń ṣẹ́gi nígbà ọmọge ni àwọn méjèèjì ti ń bá ọ̀rẹ́ bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu Ṣúbúọlá mú. Ìyá Àwẹ̀ró wa iṣu mẹ́jọ lábẹ́ igi mẹ́jọ. Ṣúbúọlá mú mẹ́ta, ó fi márùn-ún sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó bi í bí wọ́n ṣe máa ń bi í. Ìyá Àwẹ̀ró ní òun ti rí i.

Nígbà tí Ṣúbúọlá lọ tán, Ìyá Àwẹ̀ró padà sílé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ ìgbà tí wọn yóò máa bó o. Ó mọ ìgbà tí omi yóò hó. Ó ń rò ó pé bí òun bá dákẹ́, tí iṣu náà sì dára, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Bí òun bá sọ̀rọ̀, tí iṣu náà sì dára, òun ti ba orúkọ ara òun jẹ́ lásán. Ó dìde, ó tún jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dìde lẹ́ẹ̀kẹrin, kò wé gèlè, kò wá bàtà. Ó ń fi ọwọ́ tọ́ àpáta lọ, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, orúnkún rẹ̀ bó.

Àwọn èèyàn ti kún àgbàlá ilé Ṣúbúọlá. Oyèbọ́lá fi ẹ̀yìn ti ògiri, ọmọ wà lẹ́nu ọmú, àwo ọbẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó ti ki òkèlè bọ inú ọbẹ̀, ó ti gbé e sókè.

“Oyèbọ́lá, má jẹ ẹ́,” ni Ìyá Àwẹ̀ró wí.

Ṣúbúọlá jáde láti ìdí ààrò, ó bi í pé kí ló dé. Ìyá Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn, ó dáhùn.

“N kò rí i.”

“Kí ni o kò rí?”

“Inú òdòdó. Ojú mi ti lọ, Ṣúbúọlá, ọdún kẹta rèé. N kò ka fọ́nrán kankan lọ́dún yìí. Mo kàn ń ri igi mọ́lẹ̀ ni.”

Ṣúbúọlá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dùn. “Ṣé ìyàwó mi ló ṣẹ̀ ọ́ ni, àbí ọbẹ̀ mi? Láàárọ̀ yìí o ní o ti rí i. Ẹnu mélòó lo ní, Àwẹ̀ró?”

“‘N kò rí i’ tí mo ń sọ yìí kò lè pa á. ‘Mo ti rí i’ tí mo sọ láàárọ̀ ló lè pa á.”

Ìyá àgbà mi sọ fún mi pé òkèlè náà ṣì wà lọ́wọ́ òun, ó ń jó òun níka, ebi sì ń pa òun. Òun kò lè gbé e jẹ, òun kò sì lè sọ ọ́ nù, nítorí ìyàwó wo ni yóò ju oúnjẹ tí ìyá ọkọ fọwọ́ ara rẹ̀ sè sílẹ̀ níṣojú àlejò? Ojú Ṣúbúọlá ni òun ń wò. Ṣúbúọlá náà dúró, ó ń wo Ìyá Àwẹ̀ró. Lẹ́yìn náà ó gba òkèlè náà lọ́wọ́ Oyèbọ́lá, ó gbé àwo, ó gbé ìkòkò, ó lọ da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò lẹ́yìnkùlé, ó sì fi òkúta bò ó kí adìyẹ má baà tú u. Ó ní kí Ìyá Àwẹ̀ró máa lọ sílé.

Ṣúbúọlá kò kí i mọ́ títí ọdún fi yí po. Àwọn kan ní ìlara ló mú Ìyá Àwẹ̀ró sọ ohun tó sọ, àwọn mìíràn ní ọjọ́ ogbó ló dé. Ìyá Àwẹ̀ró kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kó iṣu márùn-ún tó ṣẹ́ kù, ó gbìn wọ́n lọ́tọ̀, ó fi òkúta yí wọn ká. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí wọ́n yọ òdòdó, ó ránṣẹ́ pe Ṣúbúọlá pé kó wá bá òun wò ó.

Ṣúbúọlá wá, Oyèbọ́lá tẹ̀ lé e, ó pọn ọmọ. Ṣúbúọlá kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó ń kà á sókè. Àkọ́kọ́, mẹ́ta. Èkejì, mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin, mẹ́ta. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ó kà á, ó tún un kà. Ìyá Àwẹ̀ró dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó dẹ etí sílẹ̀.

“Mẹ́fà ni,” ni Ṣúbúọlá wí.

Ohun tó wà nínú mẹ́ta tí wọ́n dà nù, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Ṣúbúọlá kò tètè dìde lórí orúnkún. Nígbà tó yá, ó wú ìkarùn-ún, ó dì í mọ́ etí aṣọ rẹ̀ kó lè lọ sun ún, ó sì sọ láì wo ẹ̀yìn pé láti àárọ̀ ọ̀la, òun ni yóò máa fi ojú wò ó, kí Àwẹ̀ró jókòó ti òun kó máa kọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí ìtìjú kò jẹ́ kó sọ pé iṣẹ́ kan kò yé òun, ìbáà ṣe awakọ̀ tí kò rí iwájú mọ́, ìbáà ṣe ẹni tó ń fúnni lóògùn láì ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, wọn yóò sọ fún un pé: “‘N kò rí i’ kì í pani, ‘mo ti rí i’ ló ń pani.” Wọn kì í fi bú ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tó ń díbọ́n pé òun mọ̀ ni wọ́n fi ń dá dúró, nígbà tí òkèlè ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.