Ológbò Arúgbó Tó Ń Hanrun

Àlọ́ o! Àlọ̀ọ̀! Àlọ́ mi gun òkè àjà, ó já lé Ológbò arúgbó lórí.

Ológbò ti di akáyín, kò lè fò mọ́. Síbẹ̀, Wúràọlá tó ń sìn ín máa ń gbé e sórí àgbàdo irúgbìn lókè àjà, kó máa ṣọ́ ọ lọ́wọ́ eku.

Ajá ní: “Màmá àgbà, híhanrun nìkan lẹ mọ̀! Bí eku bá jẹ irúgbìn yìí, inú igbó lẹ ó ti bá ara yín.”

Ẹ̀rù ba Ológbò, ṣùgbọ́n oorun gbé e lọ. Eku kan yọjú. Ẹ gbè é!

“Hanrun, màmá, hanrun!”
“Hùrù-hùrù!”

Eku náà sá. Èkejì náà sá. Baba wọn ló ṣe ẹ̀kẹta, ó ní: “Tó bá ń bú ramúramù lójú oorun, tó bá jí ńkọ́?” Gbogbo wọ́n kó lọ.

Nígbà òjò, irúgbìn pé pérépéré. Wúràọlá gbé Ológbò lé èjìká, ó ń kọrin:

“Hanrun, màmá, hanrun!”

Ajá fúnra rẹ̀ ló gbè é. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí.