Ide Ẹsẹ̀ Kan, Àlọ́ Mẹ́ta

Odò ni ó kó àwọn ará Ẹ̀bádò jọ. Àwọn Yorùbá ni ó kọ́kọ́ tẹ ìlú náà dó, àwọn Ègùn apẹja tẹ̀ lé wọn, àwọn Tápà tí ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ọjà sì wá kọ́ abà tiwọn sí apá òkè. Baba Okùnadé ni ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú náà lẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ń kọ́ wọn ní ìtàn ìlú, oríkì, bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, àti àlọ́. Orí bàbá náà pé tó bẹ́ẹ̀ tí Baálẹ̀ fi máa ń gbé ẹjọ́ tí ó bá ta kókó fún un. Àléébù kan ṣoṣo ni ó ní, kò sì kéré: kò gbà pé ẹlòmíràn lè mọ ohun tí òun kò mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pa àlọ́ ọmọ òrukàn kan fún wọn. Ìbẹ̀rù ìyàwó bàbá rẹ̀ ni ọmọ náà fi sá kúrò ní agbo ijó ààfin, tí ide ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì bọ́ sọ́nà. Ọmọ ọba he ide náà, ó ní ẹni tí ó bá bá lẹ́sẹ̀ mu ni òun yóò fẹ́. Gbogbo ọmọge ìlú wọ̀ ọ́ títí, kò bá ẹnì kankan mu àfi ọmọ òrukàn yẹn.

Ndàgi, ọmọ Tápà kan tí ọ̀rọ̀ kì í gbé nínú rẹ̀, nawọ́ sókè. “Baba, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe ń pa á nílé wa kọ́ nìyẹn. Ní tiwa, ọba ò wọ̀ ọ́ wò lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní méjì méjì ni wọ́n ń rọ ide ẹsẹ̀, kí ẹni tó ni ín mú èkejì rẹ̀ wá.”

Sẹ̀nàmí, ọmọbìnrin apẹja Ègùn kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, náà fi ohùn wẹ́lẹ́ dá sí i. “Ní tiwa, ẹja ló gbé ide náà mì. Nígbà tí wọ́n rí i, ọba ní kí gbogbo obìnrin wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ojú ò rí. Ọmọ òrukàn nìkan ló mọ̀ ọ́n.”

Inú àwọn ọmọ dùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn bí ẹni ń yan iṣu lọ́jà. Ìyàwó bàbá tó burú wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ijó wà nínú méjì, ẹja wà nínú ẹyọ kan.

“Ẹ dákẹ́!” ni Baba wí. “Àlọ́ kan ṣoṣo ló wà, èmi ni mo sì pa á yẹn. Sẹ̀nàmí, níbo lẹja ti rí ide gbé mì? Àbí ẹja tiyín ń lọ sóde ijó ni?”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Sẹ̀nàmí bú sẹ́kún ní tirẹ̀, ó dìde, ó gba ilé lọ, kò sì padà wá sábẹ́ igi ìyeyè mọ́. Èèyàn dáadáa ni Baba Okùnadé, ṣùgbọ́n kò ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà.

Kò tó ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí tí àwọ̀n apẹja gbé ide ẹsẹ̀ kan jáde nínú odò. Obìnrin méjì ni ó wá sọ pé àwọn ni àwọn ni ín. Ọ̀kan ni Ìyá Olówùú, àgbà oníṣòwò tí ide tirẹ̀ bọ́ ní èṣí níbi tí ó ti ń la odò kọjá. Èkejì ni Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin kan tí kò ní ìyá, kò ní bàbá, tí ìgbéyàwó rẹ̀ sì ku ọ̀la. Ide tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tí ó máa ń so mọ́ etí aṣọ, bọ́ sódò níbi tí ó ti ń fọṣọ, ó ti pé oṣù mẹ́fà tí ó ti ń wá a. Ní Ẹ̀bádò, ìyàwó kì í wọ ilé ọkọ láìjẹ́ pé ide ìyá rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi omi wẹ ẹsẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tí kò bá ní in, ẹ̀yìn ni yóò padà sí.

Alágbẹ̀dẹ kan náà ni ó rọ ide gbogbo obìnrin ìlú, ide sì jọ ide. Baálẹ̀ gbé ẹjọ́ náà fún Baba Okùnadé, gbogbo ìlú sì pé síwájú ilé Baálẹ̀.

“Ẹjọ́ yìí ò le rárá,” ni Baba wí. “Ẹni tó bá bá lẹ́sẹ̀ mu ló ni ín. Bí mo bá dá a ṣì, kí ẹ máa pè mí ní wèrè láti òní lọ.”

Wọ́n fi ide sẹ́sẹ̀ Ìyá Olówùú, ó ṣe rẹ́gí. Wọ́n fi sẹ́sẹ̀ Àwẹ̀ró. Oko ìrẹsì inú àbàtà ni ọmọ náà ti ń ṣe àgbàṣe láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Ide náà há sí gìgísẹ̀ rẹ̀, kò kọjá.

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. “Baba, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tó bá mi mu gbẹ̀yìn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n lọ sílé ọkọ bí ẹni tí kò ní ìyá rí.”

Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ti dé ètè Baba, ṣùgbọ́n ẹkún ọmọ náà rán an létí ẹkún mìíràn, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fà. Ojú tì í. Ó wo àárín èrò, ó rí Ndàgi, ó wá bi Àwẹ̀ró pé, “Ọmọ mi, èkejì rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà lẹ́sẹ̀ ìyá mi nínú ilẹ̀, Baba. Òun la fi sin wọ́n.”

“Ìyá Olówùú, tiyín ńkọ́?”

“Mo ti tà á padà fún alágbẹ̀dẹ. Ta ní ń wọ ẹyọ kan?”

Àlọ́ méjì ti já sí òfo. Baba rìn lọ bá Sẹ̀nàmí níbi tí ó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ náà lójú gbogbo ìlú. “Jọ̀ọ́, Sẹ̀nàmí, má bínú sí mi. Kí ni ọba ilé yín ní kí wọ́n wá sọ?”

Ọmọ náà kọ́kọ́ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó yọjú. “Ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ojú ò rí, Baba.”

Baba bi àwọn obìnrin méjèèjì bẹ́ẹ̀. Ìyá Olówùú kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Òkúta wẹ́wẹ́ ni. Kí ló tún máa ń wà nínú ide?” Òótọ́ ni ó sọ, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ ni alágbẹ̀dẹ ń kó sínú gbogbo wọn kí wọ́n lè máa dún.

“Òkúta wẹ́wẹ́ ni,” ni Àwẹ̀ró náà wí, “pẹ̀lú eyín mi kan. Eyín àkọ́kọ́ tó ká lẹ́nu mi ni. Ìyá mi ò jù ú sórí òrùlé bí àwọn ìyá yòókù ti ń ṣe. Ọmọ mẹ́rin ló ti kú mọ́ ìyá mi lọ́wọ́ kí n tó dé. Wọ́n ní àwọn ò ní ju ohunkóhun lára mi nù, ni wọ́n bá tì í bọ inú ide.”

Alágbẹ̀dẹ fi ẹ̀mú ṣí ojú ide náà. Òkúta mẹ́fà bọ́ sórí ẹní, eyín ọmọdé kan sì bọ́ tẹ̀ lé wọn.

Ìyá Olówùú ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́kún. “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò purọ́ o. Mo rò pé tèmi ni.” Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú eyín náà, ó fi lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́. Alágbẹ̀dẹ ní òun yóò fẹ ẹnu ide náà kí ó lè gba ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì ti wà nílẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Aláwàdà kan ké láàárín èrò pé, “Baba, ṣé ká máa pè yín ní wèrè ni, àbí ká fi í sílẹ̀?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Baba kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ Sẹ̀nàmí mú. “Ó kù díẹ̀ kí ó rí bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Tèmi nìkan ni mo fẹ́ lò, ǹ bá sì ti gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ òrukàn. Ọgbọ́n ọmọ yìí, ọgbọ́n ilé wọn tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, ni kò jẹ́ kí ẹ pè mí bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tí Baba sọ lọ́jọ́ náà ni àwọn ará Ẹ̀bádò gbà sẹ́nu, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí di òní pé: Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.