Irọ́ tí Ẹlẹ́mùú Pa Nídìí Àmù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ tèmi kò lọ jìnnà. Ìdí àmù omi Ìyá Àwẹ̀ró ló balẹ̀ sí, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù.

Ẹlẹ́mùú ló ń gbé ibẹ̀, kòkòrò pẹlẹbẹ tó ní ẹ̀mú ní ìdí. Ẹ ti rí i rí, àbí? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin ni, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, gbogbo ìta ti gbẹ. Bí ẹyin yẹn bá kúrò nínú ọ̀rinrin, ó parí nìyẹn. Aáyán tún wá ń sùn níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ẹyin ẹlẹ́yin kiri.

Ẹlẹ́mùú bá dọ́gbọ́n kan. Ó ní, "Aáyán, ṣé o mọ iṣẹ́ tí ẹ̀mú mi ń ṣe?"

"Rárá o."

"Etí ni mo máa ń wọ̀. Ẹni tó bá sùn, mà á wọ etí rẹ̀, mà á fi gé ọpọlọ rẹ̀."

Irọ́ ni o! Ẹ̀mú yẹn ò tiẹ̀ lè gé awọ ara yín. Ṣùgbọ́n Aáyán, ẹni tí kò létí rárá, fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń pariwo káàkiri ilé: "Ẹ bo etí yín o! Ẹlẹ́mùú wà nídìí àmù!"

Ìyá Àwẹ̀ró gbọ́. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ló tẹ́ sórí ẹní. "Yéè! Etí ọmọ mi!" Ó ké sí ọkọ rẹ̀, wọ́n gbé àmù síta. Wọ́n gbá ewé ẹ̀gbẹ́ ògiri kúrò. Wọ́n sá àwọn ẹní yòókù sóòrùn. Wọ́n po amọ̀, wọ́n ń fi dí ihò ara ògiri.

Ẹlẹ́mùú sáré jáde. "Mo purọ́ ni! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àmù padà!" Ó fi orin bọnu. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá Àwẹ̀ró, dákun o,
*Ilẹ̀ ń gbẹ!*
N ò mọ ọ̀nà etí rí o,
*Ilẹ̀ ń gbẹ!*
Ẹyin mi, ẹyin mi o,
*Ilẹ̀ ń gbẹ!*

Ìyá Àwẹ̀ró fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí ọmọ. "Bí o kì í bá wọ etí, kí lo ń fi ẹ̀mú ṣe?"

"Mo fi ń ṣọ́ ọmọ mi ni, ìyá."

Ìyá náà wo Àwẹ̀ró lórí ẹní. Ó ní, "Èmi náà, ọmọ mi ni mò ń ṣọ́." Ó sì fi amọ̀ dí ihò tó kù.

Ẹnu ni Ẹlẹ́mùú fi ń gbé ẹyin rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín oòrùn, lọ sábẹ́ òkúta lẹ́yìn balùwẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n ò ní tan yín. Mẹ́rin péré ló dé ibẹ̀ láàyè.

Títí dòní, abẹ́ òkúta àti ewé jíjẹrà ló ń gbé. Bí ẹ bá ṣí òkúta wò, ẹ ó bá a lórí ẹyin rẹ̀, ẹ̀mú á dìde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbá ewé jìnnà sí ògiri, tí a kì í jẹ́ kí omi dúró nídìí àmù. Ibi tí àlọ́ mi rìn dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo sọ̀ ọ́ sí.

Kò wọ etí ẹnikẹ́ni rí, mo ti sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara yín bí ẹ ṣe jókòó yìí: ta ni kò tíì fọwọ́ bo etí?