Àwo Rẹ́kọ́ọ̀dù Àwẹ̀ró

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ ní abúlé Ìdí-Apá, eruku pupa sì ti bo gbogbo nǹkan, láti orí pánù dé etí ìkòkò. Ọ̀jẹ́dìran jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó gbé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan lé orúnkún, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Àwo náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìyá ìyàwó rẹ̀ ni, ìyá náà sì ń bọ̀ wá gbà á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lílà gẹdú niṣẹ́ Ọ̀jẹ́dìran. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Igi tó ń wó àti ìyá ìyàwó rẹ̀, nǹkan méjì yìí nìkan ló ń bà á lẹ́rù láyé, igi sì tún sàn díẹ̀, nítorí igi a máa dún kó tó wó.

Àwẹ̀ró, àkọ́bí ìyá náà, ló kọrin inú àwo yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kí àìsàn tó mú un lọ. Kò bímọ, kò ya fọ́tò. Àwọn tó ṣe àwo náà ti kógbá wọlé, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí a ti lè rí irú rẹ̀ mọ́. Ohùn yẹn nìkan ló kù nínú Àwẹ̀ró lórí ilẹ̀. Nígbà tí òjò ṣí òrùlé ìyá, ó kó àwo náà àti ẹ̀rọ gíramafóònù oníbátìrì rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Abíọ́nà, ọmọ rẹ̀ kejì, tí í ṣe ìyàwó Ọ̀jẹ́dìran, kí omi má baà bà wọ́n jẹ́.

Abíọ́nà gbé garawa, ó ń lọ sódò, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìgè, ẹ fi àwo yẹn sílẹ̀ o. Gẹdú lọwọ́ yín mọ̀."

"Ṣé o ò rí eruku orí ẹ̀ ni? Ṣé báyìí la ó ṣe dá a padà fún wọn?"

"Òwú tútù ni Màámi fi í nù ún. Wọ́n á máa bá ilà wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ lọ yípo, wọn kì í dábùú ẹ̀. Ẹ dúró kí n dé."

"Mo ti gbọ́."

"Gbígbọ́ tí ẹ gbọ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ṣùgbọ́n àṣà wọn níbẹ̀ ni pé a kì í dá ohun èlò àna padà láìjẹ́ pé ó ń dán. Ìkòkò àna, eérú la fi ń bó o. Igbá àna, a ó fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun. Ọkùnrin kan wà tó dá odó àna rẹ̀ padà pẹ̀lú iyán gbígbẹ nínú, wọ́n fi í ṣẹ̀sín títí ó fi kó kúrò lábúlé. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń yí lọ́kàn Ọ̀jẹ́dìran. Ó fi òwú tútù nu àwo náà díẹ̀, eruku kàn di ẹrẹ̀ sí i lára. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó bu omi, ó mú kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú, ó gbo ó bí ẹni gbo ìdí ìkòkò. Nígbà tó ń dán, ó sá a sórí pánù ilé adìẹ, ó wá lọ pọ́n ayùn rẹ̀.

Oòrùn ọ̀sán ọyẹ́ kì í ṣeré. Nígbà tí yóò fi padà dé, etí àwo náà ti ká sókè bí ewé kókò tí iná rà. Ó gbé e, ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọ̀ bí awọ. Orí ìdúró yẹn ni Abíọ́nà bá a.

"Yéè! Bàbá Ìgè, ẹ ti pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kejì!"

Ọ̀jẹ́dìran fi àwo náà sáàárín pákó méjì tó jọ̀lọ̀, ó gbé ọlọ lé e lórí. Àwọn méjèèjì jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ òkú.

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ," ni Abíọ́nà wí.

"Kí ni n óò sọ? Pé mo sá ọmọ wọn sóòrùn bí ẹ̀gẹ́?"

"Ó sàn kó tẹnu yín jáde."

Bí ọkọ̀ èyíkéyìí bá kọjá lójú títì, Ọ̀jẹ́dìran á nàgà wò ó.

Nígbà tí ìyá fi dé, pákó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Àwo náà ti tẹ́, ó ku ìgbì kékeré kan létí rẹ̀. Ọ̀jẹ́dìran ti tì í bọ inú páálí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àna mi, dìde. O mà rù o. Ṣé ìwọ lò ń la pákó ni, àbí pákó ló ń là ọ́?"

"Ẹ kú ìrìn, Màámi." Ẹ̀rín kò wá.

"Gbé ẹ̀rọ yẹn wá jàre. Kí n gbóhùn ọmọ mi kí n tó fẹnu kan omi."

Abíọ́nà wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Ọ̀jẹ́dìran gbé ẹ̀rọ náà wá, ó fi àwo lé e.

Abẹ́rẹ́ kan àwo. Ó kọ́kọ́ ń ha bí ẹni ń wọ́ ẹ̀ka gbígbẹ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn Àwẹ̀ró jáde, ó ń mì, bí ẹni ń kọrin láti ìsàlẹ̀ odò. Ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú orin náà, pé kó dúró de òun, pé ọ̀nà jíjìn lòun lọ. Ó dé ojú ibi tí kànrìnkàn ti ha á, abẹ́rẹ́ sì há síbẹ̀.

"Mo ń bọ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Mo ń bọ̀. Mo ń bọ̀. Mo ń bọ̀."

Ẹ̀rù tó ba Ọ̀jẹ́dìran báyìí ju ti ìbínú àna lọ. Ìyá ti gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ pàdé àlejò. "Mo ń bọ̀," ni ohùn náà ń wí, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń ti ilẹ̀kùn. Abíọ́nà bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn ló jí ìyá. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan ọmọ mi?"

"Èmi ni, Màámi." Ọ̀jẹ́dìran ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Mi ò fẹ́ dá a padà fún yín nídọ̀tí."

Ìyá kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún Ọ̀jẹ́dìran.

"Eruku wà lórí ẹ̀ nílé mi," ló wí, "mo sì ń gbóhùn ọmọ mi. Eruku kì í pa ohùn, Bàbá Ìgè. Ọwọ́ ìkánjú tó fẹ́ nù ún ní í pa á."

Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá yìí ni wọ́n gbé kiri Ìdí-Apá títí ó fi di òwe. Bí ẹnì kan bá ń fipá tún ohun ẹlẹgẹ́ ṣe, ìbáà jẹ́ ọmọ ni, ìbáà jẹ́ ìjà tọkọtaya, àgbà kan yóò ní kó rọra o, pé eruku kì í pa ohùn, ọwọ́ ìkánjú ní í pa á.

Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń ronú òwe. Àwẹ̀ró ṣì ń wí pé òun ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀jẹ́dìran dìde, ó na ìka méjì, ó sì rọra gbé abẹ́rẹ́ náà sókè.