Káàdì Tí Ọ̀gá Aláìlójú Kò Rí Rí

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ta káàdì bí ẹni ta ayò, ẹ wá gbọ́ ti Àrìnpé, aránṣọ ará Ìkirè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà lórí ayélujára ni Ọ̀gá Aláìlójú já lù ú, òkú òṣìkà tó máa ń sọ ojú ẹni tó bá pàdánù di àwòrán ara káàdì, tí ojú náà á máa ṣẹ́jú níbẹ̀, tí ẹni tó ni ín á sì sùn láìjí nílé rẹ̀. "Ìwọ aránṣọ," ohùn kan sọ látinú fóònù tí Àrìnpé ti pa, "gbogbo káàdì ayé ló wà lọ́wọ́ mi. Ta èyí tí n kò rí rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú rẹ ló kàn." Àrìnpé rántí pé eré náà gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti ṣe káàdì kan ṣoṣo fúnra rẹ̀: kó ya àwòrán, kó kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀. Ó tan fóònù, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. "Ẹ kúu jókòó, bàbá. Wọn ò kọ́ wa kí á bá àgbà ta láì kí i. Àbí ògiri ni mo kúnlẹ̀ fún? Ẹ yọjú, kẹ́ ẹ dárúkọ, kí n kì yín dáadáa." Àgbàyà wo ni kò fẹ́ oríkì, pàápàá òkú tí ẹnikẹ́ni ò kì mọ́? Ojú funfun kan tí kò ní ìpéǹpéjú yọ nínú fóònù. "Àjàgbé ni mí. Máa kì mí!" Àrìnpé ya á, ó kọ Àjàgbé sábẹ́ rẹ̀, ó sì ta á. "Bàbá, ṣé ẹ ti rí eléyìí rí?" Àjàgbé, tí kò rí ojú ara rẹ̀ rí, pàdánù. Àwọn ojú yòókù parẹ́ lára káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ni wọ́n sì jí nílé wọn. Ti Àjàgbé nìkan ló kù lọ́wọ́ Àrìnpé, tó ń ranjú mọ́ ọn láràárọ̀: "Ọmọ mi, o ò mà tíì kì mí o."