Irúgbìn Àparò

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi dé o!
— Kó máa bọ̀, ìyá!

Àlọ́ mi kan Àparò, opó tó ń wá irú ẹ̀wà tí kòkòrò ò ní lè jẹ. Lọ́dún ọ̀dá, Erin òkè òkun fi omi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dán irúgbìn wò, ó ní kí Ọ̀bọ pín in.

Àparò lọ. Ọ̀bọ ní, "Ìyá, ẹ ṣì dúró ná." Ó bu omi fún Ọ̀kín tó ń gbin òdòdó.

Àparò tún lọ. Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀wà yín ò dùn ún wò. Ohun tó lẹ́wà ni Erin ń fẹ́ rí."

Lẹ́ẹ̀kẹta, orin ló ń kọ lọ:

Ọ̀bọ, bù fún mi o,
— Omi ẹ̀wà!
Ẹ̀wà mi ń kú lọ,
— Omi ẹ̀wà!

Omi ti tán. Ẹ̀wà gbẹ. Ebi ń pa àwọn ọmọ Àparò, ló bá fi omijé se irúgbìn tó kù fún wọn.

Kòkòrò wá jẹ gbogbo oko ayé tán. Erin sáré dé: "Àparò, irúgbìn yẹn dà?"

"Àwọn ọmọ mi ti jẹ ẹ́, bàbá. Ẹ lọ jẹ òdòdó."

Mo ti sọ ẹrù àlọ́ mi kalẹ̀. Ẹ lọ sùn.